Orí Kẹrin: Bí A Ṣe Ń Ka Ìwé Nípa Àwọ̀ àti Ẹ̀yà ní Ìlú Ọba

Ní oṣù kẹta ọdún 2021, mo jókòó ti ìyá àgbà kan nínú pálọ̀ wọn ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, mo ń bá wọn kọ fọ́ọ̀mù ìkànìyàn. Orúkọ, ọjọ́ orí, iye yàrá tó wà nínú ilé, gbogbo ìyẹn yá. Ibi tí ìjọba ti ń béèrè ẹ̀yà ni iṣẹ́ ti dúró. Mo ka àwọn àpótí kéékèèké náà fún Màmá níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n wá béèrè pé, "Ọmọ mi, níbo ni wọ́n kọ Ìjẹ̀ṣà sí?"

Mo ṣàlàyé pé kò sí Ìjẹ̀ṣà níbẹ̀, pé Yorùbá gan-an kò sí níbẹ̀. Ohun tó wà ni aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ ará Áfíríkà, àti àyè kékeré kan tí ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nǹkan sí. Màmá ní kí n kọ Yorùbá síbẹ̀, kí n kọ ọ́ gàdàgbà. Ó wá ku ọmọ-ọmọ wọn ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Màmá, tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Jàmáíkà. Ní abẹ́ àkọlé àwọn tí ẹ̀jẹ̀ méjì pọ̀ lára wọn, àpótí wà fún funfun àti dúdú ará Karíbíánì. Ó wà fún funfun àti dúdú ará Áfíríkà. Ó wà fún funfun àti ará Éṣíà. Èyí tó so Áfíríkà pọ̀ mọ́ Karíbíánì kò sí. Ọmọ náà dúró ti ẹ̀yìn àga, ó ń wo ohun tí mò ń ṣe. "Ẹ kọ èyí tó bá wù yín," ló wí, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ. Màmá kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ìwé wo ni kí òun kọ́kọ́ kà kí òun lè mọ ọ̀rọ̀ àwọ̀ àti ẹ̀yà ní Ìlú Ọba, ojú ewé kan yẹn ni mo máa ń gbé ka iwájú rẹ̀. Ohun tó máa bá pàdé nínú ìwé ńláńlá ti wà níbẹ̀: ta ló ń sọ ẹni lórúkọ, ọdún wo ni orúkọ náà bẹ̀rẹ̀, ta ló bọ́ sí àárín àpótí méjì.

Ìkànìyàn ọdún 1991 ni àkọ́kọ́ tí wọ́n béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Àpótí àwọn tí ẹ̀jẹ̀ méjì pọ̀ lára wọn kò sì dé títí di ọdún 2001. Ní 1991, àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti Karíbíánì wá ju ìlọ́po méjì àwọn tó ti Áfíríkà wá lọ. Nígbà tó fi máa di 2021, mílíọ̀nù 2.4 aláwọ̀ dúdú ni wọ́n kà ní England àti Wales, ìyẹn ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ènìyàn, mílíọ̀nù 1.5 nínú wọn ló sì fi àmì sí Áfíríkà. Ẹ fi ìṣirò yìí sọ́kàn, torí ó máa wúlò fún yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí ẹ bá ń ka ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1970 tàbí 1985, tí òǹkọ̀wé sì ń sọ pé báyìí ni àwọn aláwọ̀ dúdú Lọ́ńdọ̀nù ṣe ń gbé, ará Jàmáíkà, Barbados àti Trinidad ló ní lọ́kàn jù. Ìwé tí wọ́n kọ lọ́dún tó kọjá lè lo ọ̀rọ̀ kan náà, kó jẹ́ pé àwa ará Áfíríkà ni a pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó ka ojú ewé kìíní ìwé kankan, ẹ wá ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí òkè ojú ewé náà.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wa

Wàhálà àkọ́kọ́ tí òǹkàwé Yorùbá ń ní kò sí nínú ìwé, inú ẹnu wa ló wà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹ̀yà, ni a fi ń pe Ìjẹ̀bú, tí a fi ń pe Yorùbá, tí a tún fi ń pe gbogbo aláwọ̀ dúdú ayé. Ọ̀gá tí kò gba ọmọ Tiv síṣẹ́ ní Ìbàdàn àti onílé tó ti ilẹ̀kùn mọ́ aláwọ̀ dúdú ní Birmingham, ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni a ń pe àwọn méjèèjì. Méjèèjì burú. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ yàtọ̀, òfin tó mú wọn yàtọ̀, ẹni tó bá sì pò wọ́n pọ̀ kò ní lóye èyíkéyìí nínú wọn dáadáa.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń fa ìlà sí etí ojú ewé, mo sì máa ń kọ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta síbẹ̀. Àwọ̀ ni mo ń kọ bí ó bá jẹ́ ohun tí ojú ń rí, àti ìtumọ̀ tí ìlú gbé lé e. Ìran ni mo ń kọ bí ó bá jẹ́ ibi tí ẹni ti ṣẹ̀ wá. Àṣà ni mo ń kọ bí ó bá jẹ́ ohun tí ènìyàn ń ṣe: oúnjẹ, ìsọmọlórúkọ, ìsìnkú, bí a ṣe ń kí àgbà. Ẹ máa rí i pé àwọn òǹkọ̀wé mìíràn ń fò láti orí ọ̀kan sí èkejì láàárín gbólóhùn kan láì sọ fún yín. Ibi tí wọ́n ti ń fò yẹn gan-an ni kí ẹ ti rọra kà. Bákan náà, bí wọ́n bá ń sọ pé àwùjọ àwọn aláwọ̀ dúdú fẹ́ báyìí, tàbí pé àwùjọ àwọn aláwọ̀ dúdú ń bínú, bí ẹni pé agboolé kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń gbé, ẹ béèrè pé ta ni baálé ilé náà, ta ló sì rán òǹkọ̀wé níṣẹ́.

Nílé, a máa ń ki ènìyàn ní adúmáadán, a máa ń ki ẹlòmíràn ní apọ́nbéporé, oríkì ẹwà sì ni àwọn méjèèjì. Bí àwọn méjèèjì bá jọ sọ̀ kalẹ̀ ní Heathrow, dúdú ni orúkọ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò ronú kan àwọ̀ ara wa rí kí a tó dé ibẹ̀. Ìdí nìyí tí ìwé nípa ẹlẹ́yàmẹ̀yà fi máa ń kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lójú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó sì máa ń dun ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ wọra. Bàbá àti ọmọ lè ka ojú ewé kan náà kí wọ́n má sì rí ohun kan náà. Kí bàbá má sọ pé ọmọ ń ṣe àṣejù. Kí ọmọ náà má sọ pé bàbá kò mọ nǹkan kan.

Àwa náà ní orúkọ tí a ń sọ ẹlòmíràn. Ẹni tí a kò gbọ́ èdè rẹ̀, kòbòkóbò ni a ń pè é. Mo ti rí ẹni tó ń ka ìwé nípa ìyà tí wọ́n fi jẹ aláwọ̀ dúdú ní Lọ́ńdọ̀nù, tí omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, tó sì sọ ọ̀rọ̀ yẹn nípa aládùúgbò rẹ̀ lórí fóònù kí ó tó pa ìwé náà dé. Ìwé tí kò bá kan ìwà tiwa náà, a kò tíì kà á tán.

Ọ̀rọ̀ dúdú pàápàá kò dúró sójú kan. Ní àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi orúkọ yẹn pe gbogbo ẹni tí ojú ń pọ́n nítorí àwọ̀, títí kan àwọn ọmọ Íńdíà àti Pakistan. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ Southall Black Sisters, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979, fi jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ará Éṣíà àti àwọn obìnrin dúdú pa pọ̀. Ẹni tó bá fi ìtumọ̀ òde òní ka ìwé ẹgbẹ́ náà ti ṣì í kà láti ojú ewé àkọ́kọ́.

Ó sì yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé Yorùbá ju ẹnikẹ́ni lọ, torí pé ojú orúkọ tiwa náà ti rí nǹkan. Àwọn ènìyàn wa tí ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ sí Freetown, Àkú ni wọ́n ń pè wọ́n, nítorí ẹ kú àárọ̀ àti ẹ kú iṣẹ́ tí kì í kúrò lẹ́nu wọn. Ní Brazil, Nàgó ni wọ́n. Ní Cuba, Lùkùmí ni wọ́n. Nílé, Ọ̀yọ́ ni àwọn ènìyàn ń pè ní Yorùbá ní pàtàkì. Iṣẹ́ àwọn bí Samuel Ajayi Crowther, tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ló mú kí orúkọ náà tàn dé ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, bẹ́ẹ̀ ló sì gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó jẹ́ ti gbogbo wa. Yorùbá tí Màmá ní kí n kọ gàdàgbà yẹn, ìgbà kan wà tí ará Iléṣà kì bá tí gbà á. Mo sọ èyí fún wọn lọ́jọ́ náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bàbá àwọn àgbà kì bá tí gbà á lóòótọ́.

Ìtàn àròsọ ní ọwọ́ kan, òfin ní ọwọ́ kejì

Ẹ má ṣe fi ìwé èrò àwọn ọ̀mọ̀wé bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ìwé náà ló wà ní iwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn ni gbogbo ayé sì ń sọ̀rọ̀ wọn. Ẹ fi ilé kan bẹ̀rẹ̀, tí ẹ mọ orúkọ ẹni tó ń gbé inú rẹ̀, tí ẹ mọ iye tó ń san.

Èyí tí mo máa ń fún ènìyàn ni Second-Class Citizen tí Buchi Emecheta tẹ̀ jáde ní 1974. Èkó ni wọ́n ti bí Emecheta ní 1944, ọmọ Ìgbò ni, ọ̀pọ̀ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní Lọ́ńdọ̀nù ló sì kọ sínú ìtàn Adah. Ibì kan wà tí Adah ti ń wá yàrá. Ó fi tẹlifóònù pe obìnrin onílé, ó fi ọwọ́ di imú rẹ̀ kí ohùn rẹ̀ má bàa jọ ti Áfíríkà. Obìnrin náà ní kí ó máa bọ̀. Nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, tí obìnrin náà rí àwọ̀ wọn, yàrá tó ṣófo ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn ti kún.

Ẹ dá ìwé náà dúró níbẹ̀, kí ẹ lọ wo òfin. Ìwé náà jáde ní 1974, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni ìtàn náà ṣẹlẹ̀. Òfin àkọ́kọ́ tó lòdì sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní Ìlú Ọba jáde ní 1965, kò sì kọjá àwọn ibi tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀, bí òtẹ́ẹ̀lì, ilé oúnjẹ àti ọkọ̀ èrò. Ọdún 1968 ni òfin tó mú ọ̀rọ̀ ilé àti iṣẹ́ tó dé. Obìnrin onílé yẹn kò rú òfin kankan. Ẹni tó bá lẹ ìwé mọ́ fèrèsé rẹ̀ pé òun kò gba aláwọ̀ dúdú, ọlọ́pàá kò ní í fọwọ́ kàn án nígbà náà. Nígbà tí ẹ bá mọ èyí, ìtàn náà máa yí padà lọ́wọ́ yín. Adah kò pàdé obìnrin búburú kan lásán. Ìlú ló fún obìnrin náà láṣẹ.

Òfin ọdún 1965 kò sì ṣàdédé bọ́ láti ọ̀run. Ní oṣù kẹrin ọdún 1963, ní ìlú Bristol, ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì fagi lé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Guy Bailey, nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ará Karíbíánì ni. Wọn kì í gba aláwọ̀ dúdú sí iṣẹ́ awakọ̀ tàbí kọ̀ndọ́kítọ̀. Àwọn ará Karíbíánì tó wà ní ìlú náà, pẹ̀lú Paul Stephenson tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, pe gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n má wọ bọ́ọ̀sì mọ́. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi fà á. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ, ilé-iṣẹ́ náà gbà. Gbogbo Yorùbá tó ń wa bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí, ojú ọ̀nà tí àwọn yẹn là ni wọ́n ń tọ̀.

Ẹ padà sínú ìwé Emecheta, torí ibi tó le kò tíì dé. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n jọ ń gbé inú ilé ń bá Adah jà nítorí pé ó kọ̀ láti fi àwọn ọmọ rẹ̀ fún òyìnbó wò. Ọkọ rẹ̀ dáná sun ìwé tí Adah fi ọwọ́ kọ. Nínú ẹgbẹ́ òǹkàwé tí mo wà, gbogbo wa ló sọ̀rọ̀ nígbà tí a ń ka ti obìnrin onílé. Nígbà tí a dé ibi àwọn ọmọ Nàìjíríà inú ilé, ilé pa lọ́lọ́. Obìnrin kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló dá ìdákẹ́jẹ́ náà. Ó ní òun wà nínú àwọn ọmọ tí wọ́n fi fún òyìnbó wò. Ọmọ oṣù mẹ́fà ni òun nígbà tí àwọn òbí òun, tí wọ́n ń kàwé tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ alẹ́, gbé òun lọ sí ilé kan ní etí òkun. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni òun nígbà tí wọ́n wá mú òun, òun kò sì gbọ́ Yorùbá kankan.

Kì í ṣe òun nìkan. Láti àwọn ọdún 1950 títí wọ àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn Nursery World láti wá ẹni tó máa gba ọmọ. Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tí òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ṣe fíìmù kan tó pè ní Farming láti inú ìgbésí ayé ara rẹ̀. Tilbury ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, èbúté kan náà tí ọkọ̀ Empire Windrush kó àwọn ará Karíbíánì wá sí ní oṣù kẹfà ọdún 1948. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìwé Emecheta bẹ̀rẹ̀ nínú ìdílé yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ní ìdákọ́ńkọ́ bóyá ẹni tí wọ́n fi fún òyìnbó wò wà nínú ilé. Ojú kì í ti ìwé, ó ń ti ènìyàn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ka ohun tí ẹlòmíràn kọ nípa wa. Nínú The Lonely Londoners tí Sam Selvon, ọmọ Trinidad, tẹ̀ jáde ní 1956, ọmọ Nàìjíríà kan wà tí wọ́n ń pè ní Cap. Wọ́n rán an wá kọ́ ìmọ̀ òfin, ó ná owó náà tán, ó sì ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn láì san owó ilé. Àwọn kan nínú wa bínú sí Selvon. Èmi kò bínú. Ó fi Cap hàn wá bí ọmọ Trinidad ṣe rí ọmọ Nàìjíríà lọ́dún náà lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ Trinidad tirẹ̀ náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó kọ́ mi ni pé àwọn tí òyìnbó ń fi ojú kan wò, ojú tí wọ́n fi ń wo ara wọn kò rí bẹ́ẹ̀.

Àbọ̀ ìgbìmọ̀

Àwọn ìwé tí ìjọba ń tẹ̀ máa ń ba ènìyàn lẹ́rù nítorí bí wọ́n ṣe nípọn tó. Ẹ má fi ojú ewé kìíní bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ka àwọn àbá wọn sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù. Gbogbo ìjà ibẹ̀ wà nínú ìtumọ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí a tọ ipa ọ̀rọ̀ kan: ẹlẹ́yàmẹ̀yà tó fìdí sínú ìlànà ilé-iṣẹ́. Lẹ́yìn rògbòdìyàn tó wáyé láàárín ọlọ́pàá àti àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ní Brixton, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní oṣù kẹrin ọdún 1981, adájọ́ Scarman wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní bí ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ bá jẹ́ pé Ìlú Ọba mọ̀ọ́mọ̀ fi ṣe ìlànà pé kí wọ́n máa ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀, òun kò gbà. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹrin ọdún 1993, wọ́n pa Stephen Lawrence, aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún, nítorí àwọ̀ rẹ̀, níbi tó ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Eltham. Àwọn ọlọ́pàá ba ìwádìí náà jẹ́. Àbọ̀ adájọ́ Macpherson, tó wádìí ọ̀rọ̀ náà, jáde ní oṣù kejì ọdún 1999, àádọ́rin àbá ló wà nínú rẹ̀, ó sì sọ pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà fìdí sínú ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù. Ó dà bí ẹni pé adájọ́ méjì ta ko ara wọn. Ẹ lọ wo ìtumọ̀. Èrò ọkàn ni Scarman ń wá, ìyẹn ohun tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Macpherson ní bí ilé-iṣẹ́ kan bá kùnà láti ṣe ohun tó yẹ fún ènìyàn nítorí àwọ̀ tàbí àṣà rẹ̀, ì báà jẹ́ pé àìmọ̀ tàbí àìbìkítà ló fà á, ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ìbéèrè méjì ni.

Ní oṣù kẹta ọdún 2021, ìgbìmọ̀ ìjọba tí Tony Sewell darí ní àwọn kò rí orílẹ̀-èdè tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ to ètò rẹ̀ láti fi tẹ àwọn ẹ̀yà kéékèèké rì. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Louise Casey, tí wọ́n ní kó yẹ ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù wò, kọ ọ́ pé ó ṣì jẹ́ ẹlẹ́yàmẹ̀yà nínú ìlànà rẹ̀, pé ó tún kórìíra obìnrin. Ẹ ka àwọn méjèèjì. Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi kò gba ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ìgbìmọ̀ Sewell sọ, ṣùgbọ́n mo kà á tán, mo sì rí ohun kan níbẹ̀ tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n: ó tọ́ka sí i pé àwọn ọmọ ilé-ìwé tí òbí wọn ti Áfíríkà wá ń ṣe dáadáa nínú ìdánwò ju àwọn tí òbí wọn ti Karíbíánì wá lọ.

Mo ti gbọ́ Yorùbá tó fi èyí yangàn níbi òde ìnáwó. Kí ẹ tó fi yangàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá ìwé pẹlẹbẹ tí Bernard Coard, ọmọ Grenada, kọ ní 1971, tí New Beacon tẹ̀. Olùkọ́ ni Coard nínú irú ilé-ìwé tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ tí wọ́n ní ọpọlọ wọn kò pé lọ. Ó rí i pé àwọn ọmọ Karíbíánì pọ̀ jù níbẹ̀, pé ọ̀pọ̀ wọn kò yẹ kó wà níbẹ̀ rárá. Ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ̀n wọ́n kò mọ èdè wọn, àwọn olùkọ́ kò sì retí ohun rere lọ́wọ́ wọn. Àwọn òbí ka ìwé náà, wọ́n jà, wọ́n sì tún dá ilé-ìwé ọjọ́ Sátidé sílẹ̀ láti kọ́ àwọn ọmọ wọn fúnra wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tiwa dé lẹ́yìn tí wọ́n ti ja ìjà yẹn. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní fi èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀ pẹ̀gàn ọmọ Jàmáíkà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìwé pẹlẹbẹ yẹn ni mo fún ọmọ-ọmọ Màmá, torí pé ìtàn bàbá rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ti ìyá rẹ̀ sì so mọ́ ọn.

Kíkà papọ̀

Ẹ má ṣe dá ka àwọn ìwé wọ̀nyí. Ènìyàn mẹ́fà sí mẹ́jọ tó, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí àgbà kan àti ọ̀dọ́ kan ó kéré tán wà níbẹ̀. Ojú ewé méjì tàbí mẹ́ta ni kí ẹ kà sókè, kì í ṣe odindi ìwé. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan sọ ohun tí a kà ní Yorùbá, láì fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan sí i. Ó máa ń ṣòro. Ibi tí ẹnu bá ti kọ́ ẹni tó ń sọ ọ́, tó dúró tó ń wá ọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni òǹkọ̀wé ti ń lo ọ̀rọ̀ tí kò tíì yé wa, tàbí tí kò yé òun náà. Ẹ jókòó sí ibẹ̀. A lo odindi ìrọ̀lẹ́ kan lórí ọ̀rọ̀ kan báyìí, ó sì ṣe wá láǹfààní ju ìwé mẹ́ta tí a sáré kà lọ.

Bí ará Karíbíánì tàbí òyìnbó bá wà láàárín yín, ẹ má sọ ọ́ di aṣojú gbogbo ènìyàn rẹ̀. Lóòótọ́, ẹnu oníkàn ni a ti ń gbọ́ pọ̀ún, ṣùgbọ́n ikàn tirẹ̀ nìkan ló lè sọ. Bí omijé bá bọ́, ẹ jẹ́ kó bọ́. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran, nítorí náà kí ẹ ka ojú ewé náà parí.

Kí ẹ sì wá ohun tí àwọn bàbá wa kọ. Ladipo Solanke, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ lẹ́tà ní 1924 láti fi ta ko ìwé ìròyìn tó ń kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbin nípa àwọn ọmọ Nàìjíríà nígbà àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀, wọ́n ní ìwé ìròyìn tiwọn, wọ́n sì ṣí ilé kan ní Camden ní 1933 fún àwọn tí kò rí yàrá gbà. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí Windrush tó dé ni ìyẹn. Lára àwọn tó ń kọ̀wé lónìí, ẹ ka Lara tí Bernardine Evaristo fi ewì kọ ní 1997. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀. Orúkọ Àgùdà tó ń jẹ́ sì mú ìtàn náà gba Èkó kọjá dé Brazil. Bí ẹ bá fẹ́ ìtàn gígùn láti ìbẹ̀rẹ̀, Black and British ti David Olusoga, tí wọ́n bí ní Èkó, tó jáde ní 2016, ni kí ẹ mú.

Mo pe ọmọ-ọmọ Màmá padà sí pálọ̀ ní ọjọ́ fọ́ọ̀mù yẹn. Mo gbé bírò fún un. A fi àmì sí àpótí tó wà fún àwọn mìíràn, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ ohun tó kù: Yorùbá àti Jàmáíkà.

Káàdì làìbìrì ìjọba ìbílẹ̀ kì í gba owó ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ lọ gba tiyín lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ mú ọmọ kan dání, kí ẹ sì béèrè ìwé Emecheta. Bí kò bá sí lórí pẹpẹ, ẹ ní kí wọ́n bá yín mú un wá láti ẹ̀ka mìíràn. Bí ẹ bá ní lẹ́tà, fọ́tò tàbí ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ ìlú tí àwọn òbí yín kó pa mọ́ láti àwọn ọdún 1950 tàbí 1960, ẹ má dà á nù nígbà tí ẹ bá ń kó ilé. Ilé Black Cultural Archives wà ní Windrush Square ní Brixton, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Ẹ kàn sí wọn.